Bí Igún Bá Tán, Ta Ni Yóò Jẹ Ẹbọ Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn. Inú ilé tiwa ni a fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Òwe kan wà tí etí ọmọ Yorùbá kò ṣàjèjì sí: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Òmíràn wà tí ó dà bí ìbejì rẹ̀: bí a kò bá rí igún, a kò gbọdọ̀ ṣẹbọ, bí a kò bá rí àkàlà, a kò gbọdọ̀ ṣorò. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èkíní jẹ́ èèwọ̀, èkejì sì sọ ìdí tí èèwọ̀ náà fi wà. Igún ni ẹyẹ tí ń jẹ ẹbọ. Nígbà tí a bá gbé ẹbọ sí oríta tàbí sí ààtàn, tí igún bà lé e, inú ẹlẹ́bọ a dùn, nítorí ó mọ̀ pé ẹbọ òun fín. Ẹbọ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ yóò di ẹ̀gbin lójú ọ̀nà.

Síbẹ̀, ẹ wọ inú ọjà lọ, kí ẹ dé ìsọ̀ àwọn lékuléja. Orí igún wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ. Ìyẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbójú sókè, kí ẹ wo òfuurufú tí ó wà lókè ilé ìpẹran àti lókè ààtàn ìlú yín. Ẹ bi àwọn àgbà tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún léèrè bí igún ṣe máa ń tò sórí òrùlé páànù nígbà èwe wọn. Ẹ wá bi àwọn ọmọ tí wọ́n ń lọ sí ilé ìwé lónìí bóyá wọ́n ti fi ojú ara wọn rí igún rí. Ìdáhùn méjèèjì yóò sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa.

Ohun tí a fẹ́ fi síwájú yín nìyí. Ohun tí ń mú àwùjọ ẹ̀dá dúró kì í ṣe iye ẹ̀dá tí ó wà nínú rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe àjọṣe tí ó wà láàárín wọn: ta ni ń jẹ ta ni, ta ni ń bá ta ni du oúnjẹ, ta ni ń palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ta ni. Bí a bá yọ ẹ̀dá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní arọ́pò, gbogbo àwùjọ náà yóò yẹ̀ lẹ́sẹ̀, àwa ènìyàn sì wà láàárín rẹ̀. Nítorí náà, èèwọ̀ igún kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán. Ọ̀kan nínú àwọn òfin tí ayé fi dúró ni, àwa tí a ń pe ara wa ní olùtọ́jú èèwọ̀ ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ pa á mọ́.

Kí a tó padà sórí igún, ẹ jẹ́ kí a lọ sí etí òkun kan ní ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Robert Paine ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan ní 1963. Lára àwọn àpáta etí omi náà, ẹ̀dá kan wà tí ó ní apá márùn-ún bí ìràwọ̀, oúnjẹ rẹ̀ sì ni àwọn ẹ̀dá oníkarawun tí ń lẹ̀ mọ́ àpáta. Paine yan apá kan lára àpáta náà, ó sì ń já àwọn oníràwọ̀ yìí kúrò níbẹ̀, ó ń sọ wọ́n padà sínú òkun. Ó fi apá kejì sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ yóò rò pé àǹfààní ni èyí jẹ́ fún àwọn yòókù, nítorí apanijẹ wọn ti kúrò. Òdìkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn oníkarawun náà, èyí tí ó lágbára jù tí oníràwọ̀ sì máa ń jẹ jù, bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ó gba àyè lọ́wọ́ èyí, ó tì tọ̀hún sẹ́yìn. Nígbà tí Paine tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1966, oríṣi ẹ̀dá 15 tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di 8. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó yọ, ṣùgbọ́n méje ni ó bá a lọ. Ní 1969, ó fi irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wé òkúta tí àwọn mọlémọlé máa ń fi sí téńté ẹnu ọ̀nà tí a tẹ̀ kọrọdọ: bí a bá yọ ọ́, gbogbo òkúta yòókù yóò wó. Àwa ìbá pè é ní òpó àárín ilé. Òpó náà lè má nípọn ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n òun ni àjà fara tì.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1972, onímọ̀ mìíràn, Robert May, fi ìṣirò hàn pé pípọ̀ nìkan kò tó láti mú àwùjọ dúró. Bí ẹ̀dá bá kàn ń forí gbárí bí ó ti wù wọ́n, bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ṣe rọrùn tó kí gbogbo rẹ̀ dàrú. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń wá irú àjọṣe tí ó ń mú àwùjọ fẹsẹ̀ múlẹ̀. A kò ní sọ pé àwọn baba ńlá wa ṣe irú ìṣirò yẹn. Ohun tí a lè sọ ni pé wọ́n gbé pẹ̀lú ẹ̀dá pẹ́ débi pé wọ́n mọ òpó yàtọ̀ sí igi lásán, wọ́n sì fi èèwọ̀ yí òpó ká.

Iṣẹ́ wo gan-an ni igún ń ṣe? Bí ẹran bá kú ní pápá, ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ni ó ń fẹ́ ẹ: igún, ajá, ìkookò, eku, eṣinṣin, àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń mú un jẹrà. Wọ́n ń bá ara wọn du ú, ìdíje náà sì ni ó ń dá olúkúlùkù dúró sí àyè rẹ̀. Igún ń rá bàbà lókè, ó ń rí ọ̀nà jíjìn. Bí ọ̀kan bá ti ń sọ̀kalẹ̀, àwọn tí ó wà lókèèrè yóò rí i, wọn yóò sì tẹ̀ lé e. Kí ajá tó gbọ́ òórùn, igún ti dé. Oje inú ikùn rẹ̀ kan gan-an, ó sì lágbára débi pé ó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tí ì bá gbé ẹranko mìíràn ṣánlẹ̀. Àrùn tí ó bá wọ ikùn igún kì í sábà jáde láàyè.

Ní Kenya, Darcy Ogada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Níbi tí igún kò ti dé ìdí òkú ẹran, àkókò tí òkú náà fi wà nílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Iye àwọn ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ó ń wá síbẹ̀ náà di bí ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n ń pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń fara kan ara wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níbi tí ẹranko púpọ̀ bá ti ń fara kan ara wọn lórí òkú, ibẹ̀ ni àrùn ti ń rí ọ̀nà gbà láti ara ọ̀kan bọ́ sí ara èkejì. Ẹ kíyè sí i pé oúnjẹ kò di àpatì nítorí pé igún kò sí. Ẹlòmíràn ni ó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni náà kò lè ṣe iṣẹ́ náà bí igún ti ń ṣe é.

Ilẹ̀ Íńdíà ni ayé ti rí bí èyí ṣe ń parí. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni kì í jẹ ẹran màlúù. Bí màlúù bá kú, ìta ìlú ni wọ́n ń gbé e sí, igún a sì jẹ ẹ́ títí yóò fi ku egungun. Igún ilẹ̀ náà pọ̀ bí eéṣú. Lẹ́yìn náà ni àwọn olówó màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹran wọn ní oògùn ara ríro kan tí ń jẹ́ diclofenac. Oògùn náà kò pa màlúù, ṣùgbọ́n igún tí ó bá jẹ òkú màlúù tí oògùn náà ṣì wà lára rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ yóò bàjẹ́, yóò sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Fún ọdún pípẹ́, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ń pa wọ́n. Ní 2004 ni Lindsay Oaks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú àṣírí náà láti ara àwọn igún tí wọ́n yẹ̀ wò ní Pakistan. Ní 2006, Íńdíà, Nepal àti Pakistan fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn. Ṣùgbọ́n omi ti dànù. Láàárín 1992 sí 2007, ọ̀kan nínú oríṣi igún ilẹ̀ Íńdíà ti dín kù ní ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ẹgbẹ̀rún igún, ẹyọ kan ni ó kù.

Ta ni ó wá jẹ òkú màlúù? Ajá ìgboro ni. Àwọn onímọ̀ tí Anil Markandya ṣáájú fún ṣírò rẹ̀ ní 2008 pé ajá pọ̀ sí i ní bíi mílíọ̀nù 5.5, àti pé dìgbòlugi tí ó ti ara wọn wá ti lè pa bíi 48,000 ènìyàn ní àfikún láàárín 1992 sí 2006. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, tẹ ìwádìí mìíràn jáde. Wọ́n fi àwọn agbègbè tí igún ti pọ̀ tẹ́lẹ̀ wé àwọn tí igún kò pọ̀ sí, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé láàárín 2000 sí 2005, bíi ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni ó kú ní àfikún nítorí pé igún ti tán. Omi tí ó bàjẹ́ àti ajá tí ó pọ̀ wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí. Ẹ̀dá kan ṣoṣo kúrò, ìdíje tí ó ń ká ajá lọ́wọ́ kò kúrò pẹ̀lú rẹ̀, ikú sì wọ ilé àwọn tí kò fọwọ́ kan igún rí.

Apá kan wà nínú ìtàn Íńdíà tí ó yẹ kí ó kan àwa ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lára ju gbogbo èyí lọ. Àwọn kan wà ní Mumbai tí à ń pè ní Parsi, ọmọlẹ́yìn Zarathustra, tí àwọn baba ńlá wọn ṣí wá láti ilẹ̀ Páṣíà ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Mímọ́ ni ilẹ̀, iná àti omi jẹ́ lójú wọn, nítorí náà wọn kì í sin òkú, wọn kì í sì í sun ún. Orí ilé olódi kan tí kò ní òrùlé, tí wọ́n ń pè ní Ilé Ìṣọ́ Ìdákẹ́jẹ́, ni wọ́n ń tẹ́ òkú sí, kí igún lè jẹ ẹ́. Lójú wọn, ọrẹ ìkẹyìn tí ènìyàn lè ṣe fún ẹ̀dá mìíràn nìyẹn. Nígbà tí igún tán, òkú bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lórí ilé náà. Wọ́n gbé awò tí ń kó ìtànṣán oòrùn jọ síbẹ̀ láti fi gbẹ òkú. Àríyànjiyàn dé láàárín àwọn àlùfáà àti àwọn ọmọ ìjọ, àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun òkú wọn, ohun tí àwọn baba wọn kà sí èèwọ̀.

Ẹ dákun, ẹ tún ka ìpínrọ̀ yẹn. Ẹ̀sìn tí ó la ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún já, tí ó la ogun àti ìṣípòpadà kọjá, ètùtù rẹ̀ kan ṣoṣo fọ́ nítorí pé ẹyẹ kan kò sí mọ́. Àwọn Parsi kò sì pa igún. Oògùn màlúù ni ó pa á. Àwa ńkọ́?

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìwádìí tí Ogada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2016 kó àkọsílẹ̀ ikú igún jọ káàkiri. Májèlé ni ó fa ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ikú náà. Ìdá 29 sì jẹ́ ti òwò ìṣègùn ìbílẹ̀. Ní 2015, àjọ àgbáyé tí ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu, IUCN, fi gúnnugún tiwa, èyí tí ó máa ń bá wa gbé nínú ìlú, sí ipele ewu tí ó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó parun nínú ìgbẹ́. Láàárín 2019 sí 2020, ní Guinea-Bissau tí kò jìnnà sí wa, igún tí ó lé ní 2,000 ni májèlé pa láàárín oṣù díẹ̀, a sì bá òkú díẹ̀ nínú wọn láìlórí. A mọ ibi tí orí ń lọ.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún ara wa: kì í ṣe ọmọ Ìṣẹ̀ṣe nìkan ni ó ń ra orí igún. Àwọn tí ń wá awúre, àwọn tí ń wá owó òjijì, àwọn tí ń ta tẹ́tẹ́, àti àwọn tí wọn kò ní jẹ́ kí a rí wọn ní ojúbọ wa lójú ọ̀sán, gbogbo wọn ni ó ń dé ìsọ̀ lékuléja. A sì mọ̀ pé gígé igbó àti fífi òògùn apakòkòrò sínú ẹran kò sí lọ́wọ́ wa nìkan. Ṣùgbọ́n orúkọ wa ni wọ́n fi ń tà á. Nígbà tí ayé bá ń ka ẹni tí ó pa igún, orúkọ ìṣègùn ìbílẹ̀ ni wọn yóò kọ sílẹ̀, wọ́n sì ti ń kọ ọ́.

A mọ àwọn àwáwí tí yóò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí a sá fún wọn.

Àwọn kan yóò ní: Ifá ni ó ní kí a mú un wá. A kì í ṣe ẹni tí yóò kọ́ babaláwo ní Ifá. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́ wa ni ó sọ fún wa pé Ifá kì í ṣe odi. Ìbò wà. Bí a bá dá ẹbọ, à ń bi Ifá léèrè ohun tí yóò gbà, à ń bẹ̀ ẹ́, à ń fi èyí rọ́pò tọ̀hún títí ẹnu yóò fi kò. Babaláwo tí ó bá sọ pé òun kò lè béèrè bóyá Ifá yóò gba ohun mìíràn ní ipò igún, ó yẹ kí ó wádìí bóyá Ifá ni ó ń sọ̀rọ̀ tàbí ọjà. Ohun tí a ń fi igún tọrọ, ta ni yóò gbé e dé ọ̀run bí igún kò bá sí?

Àwọn mìíràn yóò ní: ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rà, kí ni ẹyọ kan lè bàjẹ́? Igún kì í ṣe adìẹ. Ẹyin kan ṣoṣo ni gúnnugún ń yé ní àkókò kan, ọmọ náà sì ń lo ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó lè bí tirẹ̀. Tọkọtaya tí ó bá pàdánù ọ̀kan nígbà ìsàba máa ń pàdánù ọmọ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá sì ti dín kù jù lójú òfuurufú, kò ní sí ẹni tí yóò rí ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀, oúnjẹ yóò sì ṣòroó rí fún àwọn tí ó kù. Nítorí náà, ìparun igún kì í rìn bí ìgbín títí dé òpin. Ó máa ń rọra rìn, lẹ́yìn náà ni yóò sáré.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀kan kún un fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹyẹ kò bá dùn mọ́ nínú. Òògùn apakòkòrò oko ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ìsinsìnyí fi ń pa igún: wọ́n á bu ú sínú ẹran, wọ́n á sì dúró de ẹyẹ. Ẹni tí ó bá wá lọ irú orí bẹ́ẹ̀ mọ́ àgúnmu, májèlé ni ó ń fún aláìsàn rẹ̀ mu.

Àwọn kẹta yóò ní: ìmọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ òyìnbó, báwo ni èèwọ̀ náà ṣe wà lẹ́nu àwọn baba wa? Ẹ wo Kúbà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ kò rí gúnnugún ilé mọ́. Ẹyẹ mìíràn ni wọ́n bá níbẹ̀, tí ìran rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti gúnnugún, ṣùgbọ́n tí òun náà ń jẹ òkú, tí ó sì ń palẹ̀ mọ́. Àwọn Lukumí gbé e wọ inú ìsìn Ọ̀ṣun, ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Ibú Kolé, ó sì di ẹyẹ mímọ́ fún wọn. Ojú kọ́ ni wọ́n fi dá a mọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn tí a kó kúrò nílé tipátipá mọ òpó ilé nígbà tí wọ́n rí i ní ilẹ̀ àjèjì. Kò yẹ kí àwa tí a kù sílé máa fi àáké kan òpó náà.

Kì í ṣe pé agbára wa kò ká a. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo jẹ́ ẹ̀rí. Igbó náà kò ju héktà 75 lọ, ìlú sì ti yí i ká, ṣùgbọ́n èèwọ̀ kò jẹ́ kí a ṣọdẹ níbẹ̀, kí a pẹja níbẹ̀ tàbí kí a gé igi níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀kánjúwà fẹ́ gbé e mì, àwọn olórìṣà pẹ̀lú Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, dìde, wọ́n sì dá a dúró. Ní 2005, UNESCO kọ orúkọ igbó náà mọ́ ogún gbogbo ayé. Igi, ẹja, ọ̀bọ àti omi tí ó wà níbẹ̀ ń bá ara wọn gbé nítorí pé àwọn ènìyàn kan gbà pé ohun kan wà tí a kì í ṣe. Ohun tí èèwọ̀ ṣe fún Igbó Ọ̀ṣun, ó lè ṣe é fún òfuurufú.

Nítorí náà, a ń bẹ̀ yín, a sì ń pè yín sí iṣẹ́.

Èkíní, kí àwọn ìgbìmọ̀ babaláwo àti ìyánífá, àti àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ní ìlú kọ̀ọ̀kan, jókòó kí wọ́n sì kéde ní gbangba pé èèwọ̀ igún ṣì múlẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 Oṣù Kẹjọ, ni ọjọ́ tí ó dára jù láti kéde rẹ̀, nígbà tí etí gbogbo ènìyàn wà lọ́dọ̀ wa. Kí wọ́n bi Ifá ohun tí a ó máa fi rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ awo.

Èkejì, kí a bá àwọn lékuléja sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìyá àti bàbá wa ni wọ́n. Òwò ni wọ́n ń ṣe, ohun tí a bá sì béèrè ni wọ́n ń kó wá. Bí a kò bá rà á mọ́, wọn kò ní tà á mọ́. Lọ́wọ́ oníbàárà ni ó ti yẹ kí àtúnṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a dá àwọn igi ńlá sí. Igún kì í tẹ́ ìtẹ́ sórí ìgbẹ́ kékeré. Àràbà, ìrókò àti àwọn igi gíga mìíràn tí ó kù láàárín ìlú àti ní ojúbọ ni ilé wọn. Ẹni tí ó bá gé àràbà ojúbọ láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó ti lé ẹni tí ń gba ẹbọ kúrò nílé.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀yin tí ẹ ní màlúù, tàbí tí ẹ mọ dókítà ẹran àti darandaran, sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹra fún diclofenac. Oògùn mìíràn tí ń jẹ́ meloxicam wà tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà tí kì í sì í pa igún. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà kò gbọdọ̀ bá wa nílé.

Ẹ̀karùn-ún, kí a máa kà wọ́n. Kí ojúbọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí wọn yóò máa kọ ọ́ sí: ọjọ́ tí a gbé ẹbọ, ibi tí a gbé e sí, iye igún tí ó bà lé e, tàbí pé kò sí èyí tí ó wá. Ọjọ́ kan wà tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún igún, Sátidé àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kẹsàn-án. Ẹ jẹ́ kí a máa fi ọjọ́ náà kó àwọn àkọsílẹ̀ wa jọ. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò wúlò fún àwọn onímọ̀, yóò sì wúlò fún wa jù wọ́n lọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa, a máa ń sọ pé a fẹ́ mú Ìṣẹ̀ṣe padà bọ̀ sípò. À ń tún ojúbọ kọ́, à ń kọ́ ọmọ ní oríkì, à ń ja fún ẹ̀tọ́ wa ní ilé ẹjọ́ àti nínú ìwé ìròyìn. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wa kì í ṣe ti ènìyàn nìkan. Ẹranko, ẹyẹ, igi, omi àti òkúta ni ó bá wa dá a sílẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá kọ́ ojúbọ tí ó dára jù lọ ní ayé, tí a tẹ́ ẹbọ sí iwájú rẹ̀, tí ajá dìgbòlugi sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ó wá jẹ ẹ́, kí ni a mú padà?

Igún ti ń ṣe ojúṣe tirẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò ṣàìsàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò béèrè owó oṣù. Ohun kan ṣoṣo tí ó béèrè lọ́wọ́ wa ni èyí tí àwọn baba wa ti ṣèlérí: kí a má pa á, kí a má jẹ ẹ́, kí a má fi bọ orí.

Kí Ẹlẹ́dàá jẹ́ kí a mú ìlérí náà ṣẹ. Kí igún má tán lójú wa. Àṣẹ.